Abẹ́rẹ́ iwájú etí: kí ni wọ́n ń fún sí oríkèé àgbọ̀n, ta ló sì yẹ kó gbà á?

Ẹ fi ìka kọ̀ọ̀kan sí iwájú etí yín méjèèjì, kí ẹ wá lanu díẹ̀díẹ̀. Nǹkan kan á kọ́kọ́ yí lábẹ́ ìka yín, lẹ́yìn náà á sún síwájú bí ẹnu ṣe ń fẹ̀ sí i. Oríkèé àgbọ̀n nìyẹn. Méjì ni, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, eegun kan ṣoṣo ló sì so wọ́n pọ̀, ìdí nìyẹn tí ọ̀kan kò fi lè ṣàìsàn kí èkejì má mọ̀ sí i. Gbogbo òkèlè tí a jẹ, gbogbo ọ̀rọ̀ tí a sọ, gbogbo ìgbà tí a bá yán, àwọn ló ń gbé ẹrù rẹ̀.

Ohun tó wà nínú rẹ̀ ló máa jẹ́ kí ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ yé wa. Orí eegun àgbọ̀n ìsàlẹ̀ rí roboto, ó sì wọ inú kòtò kékeré kan lábẹ́ agbárí. Láàárín orí eegun àti kòtò yẹn ni nǹkan pẹlẹbẹ kan wà, tó rọ̀ ṣùgbọ́n tí kò rọ̀ jù, bí eegun rírọ̀ tó máa ń wà ní igẹ̀ adìyẹ. Iṣẹ́ tìmùtìmù ló ń ṣe, kí eegun má baà máa ha eegun. Omi kan tún wà níbẹ̀ tó ń fà bí ilá, òun ló ń mú kí gbogbo rẹ̀ máa yọ̀. Omi yìí kò pọ̀ rárá. Àyè tó wà lókè tìmùtìmù yẹn, níbi tí àwọn dókítà sábà máa ń gún, kò gbà ju mílílítà kan àti díẹ̀ lọ. Kò tó ìdajì ṣíbí kékeré. Orí ibi tó kéré báyìí ni àríyànjiyàn ńlá kan wà láàárín àwọn oníṣègùn lónìí.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, BMJ, ìwé ìròyìn ìṣègùn tí wọ́n ń tẹ̀ ní London, gbé ìtọ́sọ́nà tuntun jáde lórí ìrora àgbọ̀n tó ti di bárakú. Ìwádìí 153 lórí oríṣi ìtọ́jú 59 ni wọ́n gbé e lé. Nígbà tí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ tán, wọ́n gba àwọn dókítà nímọ̀ràn pé kí wọ́n má máa tètè nawọ́ sí abẹ́rẹ́. Fífi omi fọ inú oríkèé, abẹ́rẹ́ sítẹ́rọ́ọ̀dù tó ń pa iná ìrora, abẹ́rẹ́ hyaluronic acid tó ń mú omi oríkèé fà, abẹ́rẹ́ Botox tó ń mú iṣan dẹ̀, gbogbo wọn ló bọ́ sí apá ohun tó sàn kéèyàn má lò. Síbẹ̀, ẹni tí àgbọ̀n bá ń dùn tó sì bu ọ̀rọ̀ náà sórí fóònù rẹ̀, kò ní pẹ́ tí fídíò á fi kún iwájú rẹ̀: obìnrin kan fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ sílẹ̀, abẹ́rẹ́ wọlé, ó bú sẹ́rìn-ín. Àwọn dókítà tó ń ṣiṣẹ́ abẹ lórí àgbọ̀n náà kò gbà pé kí abẹ́rẹ́ di ohun ìpatì, torí wọ́n ti fi ojú ara wọn rí ẹni tí kò lè la ẹnu kó gba ṣíbí, tó sì padà jẹ iyán lẹ́yìn tí wọ́n fọ oríkèé rẹ̀.

Èrò tèmi ni pé àwọn méjèèjì ń rí òótọ́. Àìsàn tó ju ẹyọ kan lọ ni a ń pè ní àgbọ̀n dídùn, abẹ́rẹ́ tó bá ọ̀kan mu kò sì ní í ṣe nǹkan kan fún èkejì. Ẹni tó bá lọ gba abẹ́rẹ́ láì mọ èyí tó ń ṣe òun, owó rẹ̀ ló ń kó dà sí kòtò.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù kò sí nínú oríkèé rárá. Inú iṣan ló wà. Ẹ di eyín yín mọ́ra gidigidi kí ẹ fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́: iṣan tó le bí òkúta yẹn ni mò ń sọ, àti èkejì rẹ̀ tó wà ní ẹ̀bátí. Ẹni tó ń payín keke lójú oorun, ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ tó ń di eyín mọ́ra látàárọ̀ láìmọ̀, iṣan wọ̀nyí ló ń fi ṣiṣẹ́ àṣekú. Á jí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á ti wúwo, orí á máa fọ́ ọ.

Àìsàn kejì wà nínú oríkèé fúnra rẹ̀. Tìmùtìmù yẹn lè yẹ̀ síwájú, kó máa dún kọ́ nígbà tí ènìyàn bá ń lanu. Ó tún lè há, kí ẹnu má là ju ìwọ̀n ìka kan àbọ̀ lọ, nígbà tó jẹ́ pé ìka mẹ́ta lóró ló yẹ kó wọ ẹnu àgbàlagbà tí ara rẹ̀ dá. Eegun ibẹ̀ tún lè máa jẹ bí ti orúnkún arúgbó. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ èyí: kí àgbọ̀n máa dún láìsí ìrora kì í ṣe àrùn, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni gba abẹ́rẹ́ nítorí rẹ̀. Wọ́n ti fi MRI, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, wo àwọn tí nǹkan kan kò ṣe rí, bí ẹnì kan nínú mẹ́ta wọn ni tìmùtìmù rẹ̀ ti yẹ̀ tí kò sì mọ̀.

Ẹ̀kẹta ni ti àgbọ̀n tó máa ń yẹ̀ kúrò lójú rẹ̀, tí ẹnu á ṣí sílẹ̀ tí kò ní padé mọ́. Màá padà sórí ìyẹn, torí ọ̀dọ̀ wa gan-an ni ìtàn rẹ̀ ti dùn ún gbọ́.

Àwọn obìnrin ni àìsàn oríkèé àgbọ̀n ń bá jà jù, ó tó ìlọ́po méjì ti ọkùnrin, ó sì sábà máa ń mú àwọn tó wà láàárín ọmọ ogún sí ogójì ọdún. Kí a má sì gbàgbé pé kì í ṣe gbogbo àgbọ̀n dídùn ló ti oríkèé wá. Bí àgbọ̀n bá ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í dun ènìyàn, tí àyà ń fún un, tí òógùn ń bò ó tàbí tí kò lè mí dáadáa, ọkàn ló lè máa ké bẹ́ẹ̀. Ilé ìwòsàn tó súnmọ́ jù ni kí wọ́n gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.

Kí ayé tó dé orí abẹ́rẹ́, wọ́n ti gba ọ̀nà tó burú kọjá. Ní 1934, dókítà etí àti ọ̀fun kan ní ìlú St. Louis ní Amẹ́ríkà, James Costen, kó àwọn àmì àìsàn yìí jọ, ó sì di ẹ̀bi rẹ̀ ru eyín tó ti ká àti eyín tí kò bára mu. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, wọ́n ń rẹ́ orí eyín àwọn ènìyàn kó lè tò, eyín tí nǹkan kan kò ṣe. Nígbà tó yá, ọ̀bẹ ló gba iwájú: wọ́n á la iwájú etí, wọ́n á yọ tìmùtìmù dànù, wọ́n á fi àtọwọ́dá dípò rẹ̀. Láti 1983 ni ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Vitek ní Houston ti ń ta ọ̀kan tí wọ́n fi Teflon ṣe, Teflon tí a mọ̀ nínú páànù tí oúnjẹ kì í lẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n àgbọ̀n kì í sinmi. Bí ènìyàn ṣe ń jẹun lójoojúmọ́ ni nǹkan náà ń fọ́ sí wẹ́wẹ́ nínú oríkèé, ara ń bá wẹ́wẹ́ náà jà, ìjà yẹn sì ń jẹ eegun lọ, dé agbárí nígbà mìíràn. Kó tó di pé FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn àti ohun èlò ìṣègùn ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀, tí wọ́n sì kó o kúrò lọ́jà ní 1990 sí 1991, ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbà á sára. Àwọn mìíràn nínú wọn ṣe iṣẹ́ abẹ léraléra lẹ́yìn ìyẹn, ìrora wọn kò sì lọ. Ẹni tó bá mọ ìtàn yìí ni yóò mọ ìdí tí àwọn dókítà fi fò mọ́ abẹ́rẹ́ nígbà tó dé. Abẹ́rẹ́ kì í yọ nǹkan kan kúrò, kì í sì í fi àtọwọ́dá kankan sílẹ̀.

Bí fífọ oríkèé ṣe bẹ̀rẹ̀ wù mí láti sọ. Ní 1975, dókítà ará Japan kan, Masatoshi Ohnishi, ti ń fi ẹ̀rọ awò tín-ín-rín wo inú oríkèé àgbọ̀n. Kí awò yẹn lè ríran, omi ni wọ́n fi ń fọ ibẹ̀ bí wọ́n ṣe ń wò ó. Ohun tí wọ́n wá ṣàkíyèsí ni pé àwọn aláìsàn ń gbádùn nígbà tó jẹ́ pé dókítà kò tíì tún nǹkan kan ṣe. Àṣé omi yẹn ni! Ní 1991, Dorrit Nitzan láti Jerúsálẹ́mù àti Franklin Dolwick láti Amẹ́ríkà pẹ̀lú ẹnìkejì wọn kọ ọ́ jáde pé kò pọn dandan kéèyàn lo awò mọ́. Abẹ́rẹ́ méjì àti omi ti tó.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Dókítà á fi bírò fa ìlà láti àárín ẹran kékeré tó yọ síwájú ihò etí lọ sí igun ojú. Á wọn mílímítà 10 síwájú etí, á sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ sábẹ́ ìlà, mílímítà 2 péré, á sì tọ́ ibẹ̀. Á tún wọn 20 síwájú, 10 sísàlẹ̀, á tọ́ ibẹ̀ náà. Wọ́n á fún ojú ibẹ̀ lábẹ́rẹ́ kó lè kú. Aláìsàn á lanu, kí orí eegun lè sún síwájú kí ó sì fi àyè sílẹ̀. Abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ á wọlé, ìkejì á tẹ̀ lé e. Omi bí irú èyí tí wọ́n ń fà sí aláìsàn lára ni wọ́n á máa tì gba inú ti àkọ́kọ́, á sì máa kán jáde láti inú ìkejì sínú abọ́. Ó sábà máa ń tó 100 mílílítà, ó ń jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́dọ̀ àwọn mìíràn, ní àyè tí kò gbà ju ẹ̀kán bíi mélòó kan lọ tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ni dókítà á di àgbọ̀n mú, á là á, á yí i sí ọ̀tún àti òsì. Gbogbo rẹ̀ lè má gbà ju ìdajì wákàtí lọ, aláìsàn sì ń lọ sílé lọ́jọ́ náà.

Kí ni omi náà ṣe? Ó ṣan àwọn nǹkan tó ń mú ibẹ̀ gbóná jáde, ó sì tú tìmùtìmù tó ti lẹ̀ mọ́ kòtò bí ìdérí tí afẹ́fẹ́ fà mọ́ra. Nígbà tí wọ́n tún fi MRI wo àwọn tó ti ń la ẹnu gbayawu lẹ́yìn rẹ̀, tìmùtìmù wọn kò padà sáyè rẹ̀ àtijọ́. Ibi tó yẹ̀ sí náà ló wà, ṣùgbọ́n ó ti ń sún. Ìyẹn ló kọ́ àwọn dókítà pé kì í ṣe àyè tí nǹkan náà wà ló ń dá ènìyàn lóró bí kò ṣe pé kò lè rìn.

Ó ní ewu tirẹ̀. Ibẹ̀ lè wú fún ọjọ́ díẹ̀. Oògùn tó pa ojú ibẹ̀ kú lè kan fọ́nrán tó ń gbé ọ̀rọ̀ ọpọlọ wá sí iṣan tó ń mú ojú ṣẹ́, kí ojú apá kan má lè pa dé fún wákàtí bíi mélòó kan, ẹ̀rù sì máa ń ba ẹni tí wọn kò bá sọ fún tẹ́lẹ̀. Eegun tó ya òkè oríkèé yìí sọ́tọ̀ kúrò lára ọpọlọ tinrin gan-an, nítorí náà kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tó kọ́ ọ lórí fídíò.

Lẹ́yìn fífọ, wọ́n lè fi nǹkan sílẹ̀ nínú oríkèé. Sítẹ́rọ́ọ̀dù ló pẹ́ jù nínú wọn. Ní 1948 ni wọ́n kọ́kọ́ fún aláìsàn làkúrègbé ní kọtisóònù, tó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn sítẹ́rọ́ọ̀dù, ní ilé ìwòsàn Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà, àwọn tó wà nídìí rẹ̀ sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 1950. Ó máa ń pa iná ìrora kíákíá. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń fún un lemọ́lemọ́, eegun rírọ̀ tó bo oríkèé á máa ṣá. Ti ọmọdé tún wá le jù, torí pé orí eegun yìí gan-an ni àgbọ̀n ti ń dàgbà. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ máa wá gba sítẹ́rọ́ọ̀dù sí àgbọ̀n lóṣooṣù, ẹ bi í léèrè dáadáa.

Hyaluronic acid ni ohun tó ń mú omi oríkèé fà bí ilá. Karl Meyer àti John Palmer ló kọ́kọ́ rí i ní 1934, nínú ẹyinjú màlúù. Ogbe orí àkùkọ ni wọ́n ti ń yọ ọ́ fún ìgbà pípẹ́, kí wọ́n tó máa lo kòkòrò àìfojúrí láti ṣe é. Ìrètí àwọn tó ń lò ó ni pé á dá ìyọ̀ oríkèé padà. Ó máa ń dín ìrora kù fún ìgbà díẹ̀ lára àwọn kan, ṣùgbọ́n ara á fà á mu, owó rẹ̀ kò sì kéré. Ti ẹ̀jẹ̀ ara ẹni tí wọ́n ń pè ní PRP tún wà: wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ aláìsàn, wọ́n á fi ẹ̀rọ yí i bìrìbìrì títí apá pupa á fi lọ sísàlẹ̀, wọ́n á sì fún apá tó dà bí omi òróǹbó padà sí oríkèé. Bí ilé ìwòsàn kan ṣe ń ṣe é yàtọ̀ sí ti òmíràn, ìdí nìyẹn tó fi ṣòro láti fi ìwádìí kan wé èkejì.

Botox ní tirẹ̀ kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú inú oríkèé. Iṣan ni wọ́n ń fún un sí. Májèlé kan tí kòkòrò àìfojúrí ń ṣe ni, irú èyí tó lè wà nínú oúnjẹ agolo tó ti bàjẹ́, tí wọ́n wá lò ní ìwọ̀n tó kéré gan-an. Ó ń dí ọ̀rọ̀ tí ọpọlọ ń rán sí iṣan lọ́wọ́, iṣan náà á dẹ̀ fún bí oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin. Ní 1989 ni FDA fọwọ́ sí i fún àìsàn ojú, ṣùgbọ́n wọn kò fọwọ́ sí i fún ìrora àgbọ̀n títí di òní. Ní 2009, wọ́n ní kí ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é kọ ìkìlọ̀ tó lágbára jù sára rẹ̀, pé ó lè ràn kọjá ibi tí wọ́n fún un sí. Nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe lára ẹranko, eegun àgbọ̀n tí iṣan rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tinrin. Ohun tó ń bí mi nínú ni bí wọ́n ṣe ń pa á pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ ẹwà, tí wọ́n ń sọ fún àwọn ọ̀dọ́bìnrin pé á wo ìrora sàn, á sì tún mú ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn tẹ́ẹ́rẹ́. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin kò gbà kí ẹnikẹ́ni polówó Botox fún ará ìlú, torí oògùn tí dókítà gbọ́dọ̀ kọ ni. Ẹ rántí èyí tí ìpolówó bá ti London wọlé sórí fóònù yín.

Ó wá ku ẹnu tí kò padé mọ́. Ẹ wo ìyá kan tó ń dúró de ọmọ rẹ̀ lóru, tí oorun ń kùn. Ó yán, ẹnu là, ó fẹ́ pa á dé, kò lè pa á dé. Orí eegun ti fò kọjá òkè kékeré tó wà níwájú kòtò, iṣan sì fún un mọ́ ibẹ̀. Itọ́ ń ṣàn, ọ̀rọ̀ kò yé ẹnikẹ́ni, omijé ń bọ́. Àwọn tó wà nílé á ní ọwọ́ ayé ni. Ní 2005, àwọn dókítà wa, tí àwọn ará Ilé-Ifẹ̀ wà nínú wọn, kọ ìwádìí jáde lórí irú àwọn bẹ́ẹ̀ 96 ní Nàìjíríà, yíyán sì ni ohun tó fà á jù, ó ju ìjàǹbá ọkọ̀ lọ. Kò sí ayé kankan níbẹ̀.

Dídá a padà ti wà láti ayé Hippocrates, dókítà ayé àtijọ́ ní ilẹ̀ Gíríìsì, ó sì ju ẹgbàá ọdún lọ: dókítà á ki àtàǹpàkò méjèèjì sórí eyín ẹ̀yìn ìsàlẹ̀, á tẹ àgbọ̀n sísàlẹ̀, á sì tì í sẹ́yìn. Bí ó bá tètè dé, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Àwọn tó ń fi í sílẹ̀ ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, tí wọ́n ń ti ilé kan bọ́ sí èkejì, àwọn ni iṣẹ́ abẹ ń wá bá.

Ti ẹni tó ń yẹ̀ lemọ́lemọ́ ni abẹ́rẹ́ ti wúlò gan-an, èyí tó sì rọrùn jù ló bá wa mu jù. Láti 1964 ni wọ́n ti ń fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ láti apá aláìsàn, mílílítà mélòó kan péré, wọ́n á sì fún un sínú oríkèé àti àyíká rẹ̀ kó tó dì. Wọ́n á fi báńdéèjì di àgbọ̀n mọ́ orí, aláìsàn á máa mu ẹ̀kọ àti ọbẹ̀ olómi fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Ẹ̀jẹ̀ tó dì níbẹ̀ á di okùn tó ń fa oríkèé sẹ́yìn, kó má baà fò jáde mọ́. Kò gba oògùn òkèèrè kankan. Àwọn mìíràn ń lo omi ṣúgà tó ki, pẹ̀lú èrò kan náà. Àtijọ́ nìyẹn náà: ní 1937 ni Louis Schultz ti kọ̀wé pé òun ń fún nǹkan tó ń mú okùn oríkèé le sí àgbọ̀n tó ń yẹ̀.

Tí a bá wá padà sí ìtọ́sọ́nà BMJ, ìrora ọlọ́jọ́ pípẹ́ ni wọ́n ń sọ, kì í ṣe àgbọ̀n tó ń yẹ̀. Ohun tí wọ́n sì gbé lárugẹ jù ni onífisiotẹ́rápì tó ń fọwọ́ na àgbọ̀n àti iṣan, eré ìdárayá àgbọ̀n tí ẹnì kan ń bójú tó, àti ìjíròrò pẹ̀lú onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá tó ń kọ́ ènìyàn bí wọ́n ṣe ń kápá ìrora. Ohun tí wọ́n ta kò gbóná-gbóná ni yíyọ tìmùtìmù àti ohunkóhun tó bá yí eyín padà títí láé. Ní ti abẹ́rẹ́, ohùn wọn rọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọn kò kà á léèwọ̀, torí náà àyè ṣì wà fún ẹni tó há, tó ti ṣe eré ìdárayá fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ tí ẹnu kò sì là.

Nítorí náà, tí wọ́n bá ní kí ẹ wá gba abẹ́rẹ́ sí àgbọ̀n, ẹ béèrè bóyá iṣan ló ń ṣe yín ni àbí oríkèé, àti báwo ni wọ́n ṣe mọ̀. Ẹ béèrè orúkọ ohun tó wà nínú síríńjì. Ẹ béèrè ohun tí ẹ ó ti kọ́kọ́ gbìyànjú ná, àti iye ìgbà tí wọ́n fẹ́ fún un. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ní kí wọ́n fi rúlà wọn bí ẹnu yín ṣe là tó, kí wọ́n sì kọ nọ́ńbà náà sínú káàdì yín, kí ẹ lè mọ̀ bóyá ó ti kúrò níbi tó wà nígbà tí ẹ bá padà lọ lẹ́yìn oṣù kan.